Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ń san bẹ́ẹ̀dì: pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàárín Faransé àti Jámánì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo tábìlì yìí dáadáa. Búrẹ́dì dúdú tí wọ́n gé pẹlẹbẹ wà níbẹ̀, bọ́tà, wàràkàṣì, sọ́séèjì tútù, àti kùkúḿbà wẹẹrẹ tí wọ́n rẹ sínú fínígà. Aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni, ní ìlú Ludwigsburg lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 kan jókòó sídìí tábìlì náà. Láti Montbéliard ní ilẹ̀ Faransé ló ti wá, òní gan-an ló sì dé. Ó mú búrẹ́dì ẹyọ kan, ó fi wàràkàṣì sí i, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ gan-an ló ń dúró dè. Nílé tiwọn, nǹkan bí aago 8 ni oúnjẹ alẹ́ ń dé, gbígbóná fẹlifẹli. Ó dúró títí. Ìyá onílé kó àwo, ó nu tábìlì. Oúnjẹ alẹ́ ti tán. Ebi ni ọmọ náà gbé sùn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣahun sí i.

Abendbrot ni wọ́n ń pe oúnjẹ yẹn ní Jámánì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni búrẹ́dì alẹ́, ohun tí wọ́n sì ń jẹ náà nìyẹn. Àpẹẹrẹ ni mo fi ọmọbìnrin yìí ṣe, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ pọ̀ lára àwọn ọmọ tí olùkọ́ ń kó sọdá odò Rhine lọ́dọọdún. Àwọn àgbà wa ní àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè méjì yìí gbà ń la ojú ọmọ wọn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn. Láàárín ọdún 1870 sí 1945, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Faransé àti Jámánì bá ara wọn jagun. Ẹni tó jagun lọ́dún 1870 lè ní ọmọ tó jà lọ́dún 1914, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tún jà lọ́dún 1940. Ìkórìíra di ohun tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ bí ogún.

Ọkùnrin kan wà ní Montbéliard, Lucien Tharradin lorúkọ rẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó wà lára àwọn tó ń bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n gbé e lọ sí Buchenwald, àgọ́ ìfìyàjẹni kan ní Jámánì, níbi tí àìmọye èèyàn ti kú. Òun yè é. Ó padà sílé, ó di olórí ìlú. Kò sẹ́ni tí ì bá bá a wí bó bá ní òun ò fẹ́ gbọ́ èdè Jámánì sétí mọ́ títí ọjọ́ ikú òun. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1950, ọkùnrin yìí kan náà ló mú kí Montbéliard àti Ludwigsburg di ìlú ìbejì, ìyẹn ìlú méjì tó bá ara wọn dá májẹ̀mú ọ̀rẹ́. Àwọn ni ìlú Faransé àti ti Jámánì àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí máa ń wú mi lórí. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tó jáde lágọ̀ọ́ ni o!

Ludwigsburg yẹn náà ni Charles de Gaulle, ààrẹ Faransé, lọ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1962. Ó dúró ní àgbàlá ààfin, ó bá àwọn ọ̀dọ́ Jámánì sọ̀rọ̀, èdè Jámánì ló sì fi bá wọn sọ ọ́. Ẹ má gbàgbé pé òun fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀wọ̀n ogun lọ́wọ́ Jámánì. Ní Verdun ni wọ́n ti mú un lọ́dún 1916, nígbà ogun àgbáyé kìíní. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1963, òun àti Konrad Adenauer, olórí ìjọba Jámánì, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ààfin Élysée ní Paris. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n ti dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. OFAJ ni Faransé ń pè é, DFJW ni Jámánì ń pè é. Ìjọba méjèèjì ló ń dáwó sí i, ohun kan náà ni kálukú sì ń dá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti bá ètò iléeṣẹ́ yìí rìn látìgbà náà ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án.

Báwo ni ètò náà ṣe ń rí gan-an? Olùkọ́ méjì ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní èdè Jámánì ní Faransé, àti ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní èdè Faransé ní Jámánì. Wọ́n á fún àwọn ọmọ ní fọ́ọ̀mù. Kí lo fẹ́ràn láti máa ṣe? Oúnjẹ wo ni kò bá ọ lára mu? Ṣé ẹ ní ajá tàbí ológbò nílé? Ṣé wàá ní yàrá tìrẹ, àbí ẹ jọ máa sùn ni? Àwọn olùkọ́ á wá jókòó, wọ́n á fi ọmọ kan so mọ́ ọmọ kan. Ẹnìkejì rẹ nìyẹn. Ẹ óò kọ́kọ́ máa kọ̀wé síra yín. Lẹ́yìn náà, gbogbo kíláàsì á wọ bọ́ọ̀sì tàbí rélùwéè, wọ́n á lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún, olùkọ́ wọn á sì wà pẹ̀lú wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè bá ètò Brigitte Sauzay lọ, kó lo oṣù bíi méjì sí mẹ́ta. Obìnrin ògbufọ̀ ni Brigitte Sauzay. Òun ló ń túmọ̀ èdè Jámánì fún àwọn ààrẹ Faransé, kó tó wá di olùdámọ̀ràn fún Gerhard Schröder, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà. Ètò Voltaire tún wà: ọmọ á lo oṣù mẹ́fà nílé ẹnìkejì rẹ̀, ẹnìkejì náà á sì lo oṣù mẹ́fà nílé tiwọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù lọ nìyí. Ìdílé tó gbà ọmọ náà lálejò kì í gba owó ilé, wọn kì í gba owó oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ń san bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ tó sùn nílé yín lóṣù yìí, ilé wọn ni ọmọ yín máa sùn nígbà tó bá yá. Àwa Yorùbá náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì pé kó lọ kọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ni tiwa sábà máa ń gbà, ọmọ a lọ, kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Tiwọn yìí, ìyá méjì ló di ọmọ ara wọn mú. Ìyá tó mọ̀ pé ọmọ tòun náà ń bọ̀ wá jẹun lọ́wọ́ yín kò ní fojú ọmọ yín gbolẹ̀. Lójú tèmi, bí wọ́n bá yọ ìpadàbọ̀ yẹn kúrò, ìrìnàjò afẹ́ lásán ló kù.

Ilé ẹ̀kọ́ náà ní tirẹ̀. Ní Jámánì, aago 8 kò ní tíì lù níbòmíì tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì ń parí ní ọ̀sán. Ní Faransé, ọmọ lè wà ní kíláàsì di aago 5 ìrọ̀lẹ́. Èyí tó máa ń ya àwọn ọmọ Faransé lẹ́nu jù ni pé ní Jámánì, ọ̀rọ̀ tó o bá sọ ní kíláàsì ní máàkì tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ Faransé ń fẹ́, á pàdánù máàkì níbẹ̀. Nílé, wọ́n á ní kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ọmọ Jámánì bá sì dé Faransé, tí gbogbo ẹbí ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí i, kò ní mọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó kọ́kọ́ gbé síwájú.

Ìṣòro kan wà tí àwọn olùkọ́ ń bá jà: bí ọ̀rọ̀ bá ti há, àwọn ọmọ méjèèjì á yára bọ́ sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó rọrùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń gbé inú ilé lè máà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni èdè sì wà. Mo rọ̀ yín, ẹ̀yin ọmọ, ẹ lọ jókòó ti ìyá àgbà, kí ẹ bá a bó ọ̀dùnkún.

Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ ń gbé ní Faransé, ẹ tètè múra ìwé. Látọdún 2017, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tí òbí rẹ̀ kò bá lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjáde tí òbí fọwọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní AST. Bó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tàbí ti Benin ni ọmọ yín ní, ẹ béèrè DCEM, ìwé ìrìnnà tí ìjọba Faransé ń fún ọmọ àjèjì tó ń gbé níbẹ̀, torí òun ló máa jẹ́ kó lè padà wọlé láìgba físà. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí bọ́ọ̀sì fẹ́ gbéra. Ìtìjú tó ń bá ọmọ tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tó ṣẹ́ kù sílé kì í ṣe kékeré.

Àárò ilé ń kọ́? Ó ń sọ wọ́n o, pàápàá lálẹ́. Ẹ má pè wọ́n ní wákàtí wákàtí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ tẹnu wọn fún ìyá tó wà níwájú wọn.

Ẹ rántí ọmọbìnrin wa tí ebi pa sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó jẹ búrẹ́dì mẹ́rin. Nígbà tó máa fi kúrò ní Ludwigsburg, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ dì mọ́ ara wọn lẹ́bàá bọ́ọ̀sì, wọ́n ń sunkún. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ó di àkókò tiwọn láti gba àlejò ní Montbéliard. Aago 8 alẹ́ lù, wọ́n gbé sàláàdì àti ẹyin wá síwájú. Ebi ti ń pa ọmọ Jámánì náà láti aago 6. Ó bu àkọ́kọ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó na ọwọ́ sí ìkejì, ó tún fa búrẹ́dì mọ́ra. Ọmọbìnrin wa rí i. Ó fẹ̀gbẹ́ kàn án, ó sọ̀rọ̀ sí i létí ní èdè Jámánì, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Rọra jẹ ẹ́ o, ẹran ṣì ń bọ̀."