Gángan Kì Í Dákẹ́: Orin Abẹ́ Fídíò Ọjà
(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣòwò sọ ní Ẹ̀pẹ́)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ọjà Olúwo wá tí òórùn ẹja ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ kú ìjókòó. Mi ò ní pẹ́, torí ẹja ò lè dúró de olùkọ́.

Fídíò tẹ́ ẹ wò tán yìí, èmi ni mo ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bú òun. Ìyá kan ń fi eérú fọ àrọ̀, ó ń pe iye tó ń tà á. Mo ki gángan sí i lábẹ́, mo ní kó lè dùn. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ wọlé ni pé, "Kí ni onílù yẹn ń wí?" Kò sẹ́ni tó béèrè ẹja.

Kí ló fà á? Ohùn la fi ń mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, ohùn la fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ọkọ̀. Ohùn yẹn náà ni gángan ń fà. Bó bá ti dún, etí Yorùbá á máa wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bí ìyá bá tiẹ̀ ń pariwo iye ọjà lórí rẹ̀. Dùrù tó ń kọ ohùn orin tá a mọ̀ náà ò sàn jù ú lọ, nítorí inú wa lọ́hùn-ún la ti máa ń gbè é. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ràn gángan ju ẹ̀bà lọ.)

Ẹ jẹ́ kí gángan ṣíwájú kí ìyá tó lanu, tàbí kó padà nígbà tí nọ́ńbà fóònù bá jáde. Onílù gidi, bí ọba bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, á sinmi ọwọ́. Nígbà tí ìyá bá ń sọ̀rọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo tó. Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ gbé fóònù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, kí ẹ tẹ́tí. Bẹ́ ò bá gbọ́ iye ọjà ketekete, ẹ dín orin kù.

Bọ̀dá kan béèrè bóyá àpàlà àtijọ́ ti di ọ̀fẹ́ tá a lè fi sábẹ́ fídíò. Rárá o. Ẹ wo Haruna Ishola, ọ̀gá olórin àpàlà: ọdún 1983 ló kú. Lábẹ́ òfin Copyright ti Nàìjíríà ti 2022, òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ olórin àti òǹkọ̀wé, 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí olórin kú ni ẹ̀tọ́ orin tó kọ tó parí, ìyẹn ìparí 2053. Ohùn tí wọ́n gbà sínú àwo náà tún ní ẹni tó ni ín lọ́tọ̀. Pé ẹ ra síídì kò kan ọ̀rọ̀ yìí. YouTube lè dá orin mọ̀, kó dí fídíò yín tàbí kí owó ìpolówó orí rẹ̀ di ti ẹni tó ni orin. Orin ọ̀fẹ́ wà nínú Audio Library wọn, àmọ́ ẹ ka àdéhùn rẹ̀. Òmíràn ní kẹ́ ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ó tiẹ̀ wù mí jù kẹ́ ẹ bẹ ọmọ onílù àdúgbò, kẹ́ ẹ sanwó fún un, kẹ́ ẹ jọ buwọ́ lu ìwé.

Fídíò ìyá yẹn, a tún un ṣe. Ìró omi inú ọpọ́n àti ọ̀bẹ lórí pákó la jẹ́ kó kù síbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀wé wá ní, "Èló ni àrọ̀ ńlá yẹn? Ṣé ẹ máa ń gbé e dé Ìkòròdú?"