Péà Passe-Crassane: Èso Ìgbà Òtútù Tí Faransé Fòfin De Gbígbìn Rẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ̀pá kékeré tó wà lórí èso yìí, èyí tó so ó mọ́ igi. Ṣé ẹ rí nǹkan pupa tó dì mọ́ ọn lórí yẹn? Ìda ni. Wọ́n á yọ́ ìda lórí iná, wọ́n á dorí èso kodò, wọ́n á ki ọ̀pá náà bọ̀ ọ́, ó parí. Passe-Crassane lorúkọ rẹ̀, péà ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe píà tiwa tí à ń fi jẹ búrẹ́dì o, ìbátan ápù lèyí.

Ìlú Rouen ní Normandy, ní apá àríwá ilẹ̀ Faransé, ló ti ṣẹ̀. Louis Boisbunel, ẹni tó ń tọ́jú igi eléso, ló gbin hóró rẹ̀ ní 1845, àfi ìgbà tó di 1855 kí igi náà tó so. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Hóró péà kì í sì í bí irú ìyá rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀ka ni wọ́n ń gé lára igi, tí wọ́n ń so mọ́ kùkùté mìíràn títí méjèèjì á fi lẹ̀ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni irú rẹ̀ ṣe tàn kálẹ̀.

Ó tóbi, ó rí roboto, kò sì ní ọrùn gígùn bíi ti àwọn péà yòókù. Awọ rẹ̀ nípọn, ó ní àmì tóótòòtó káàkiri, kò wu ojú rárá. Ẹ má wo ti awọ. Inú rẹ̀ funfun, omi rẹ̀ á máa ṣàn dé ọrùn ọwọ́, adùn rẹ̀ sì ní kíkan díẹ̀ nínú. Nítòsí hóró, ẹ ó gbọ́ nǹkan kíríṣí-kíríṣí bí iyanrìn lẹ́nu. Àwọn kan ò fẹ́ ìyẹn. Ní tèmi, kò dí adùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń ká a, nígbà tó ṣì le bí òkúta. Bí péà bá pọ́n lórí igi, inú ló ti máa ń rọ̀ wá síta. Kí olóko tó fura, àárín ti bàjẹ́. Yàrá tútù ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á sì máa mú un jẹ láti Oṣù Kejìlá títí dé Oṣù Kẹta. Ibẹ̀ ni ìda ti wúlò: ó ń dí ojú ibi tí wọ́n ti já a, kí omi inú rẹ̀ má baà gba ibẹ̀ jáde, kí èso má baà hunjọ.

Kí ló wá dé tí Faransé fi kọ̀ ọ́? Ìwà igi náà ni. Ìgbà ìrúwé ni péà ń tanná, ṣùgbọ́n eléyìí tún máa ń tanná lẹ́ẹ̀kejì nígbà ooru. Òdòdó ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni bakitéríà Erwinia amylovora ń bá wọlé. Ẹ̀ka á dúdú, orí rẹ̀ á tẹ̀ kodò, ewé á gbẹ mọ́ ọn bí ẹni pé iná jó o. Kòkòrò oyin àti òjò á wá gbé àrùn náà dé oko aládùúgbò. Ní 1994, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má gbìn ín mọ́.

Àwọn ará Ítálì ṣì ń gbìn ín ní tiwọn. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ fi sílẹ̀ nínú ilé fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ti rọ̀ díẹ̀, ẹ mú ọ̀bẹ. Ẹ gbé àwo sábẹ́ rẹ̀ o, nítorí aṣọ yín.