Les Paul, Ọkùnrin Tó Ta Irin Rélùwéè Bíi Gìtá

Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún bàbá yìí dáadáa. Kì í nà. Mọ́tò tó gbé e ló yọ̀ lórí yìnyín ní Oklahoma ní 1948, ó já láti orí afárá, egungun ìgúnpá rẹ̀ sì rún. Nígbà táwọn dókítà sọ pé ìgúnpá náà ò ní ṣeé ká mọ́, ó ní kí wọ́n kúkú ká a dúró bí ẹni tó gbé gìtá dání. Bó ṣe wà nìyẹn títí ó fi kú ní 2009, lẹ́ni ọdún 94.

Les Paul nìyẹn, onígìtá, ọmọ Waukesha, ní Wisconsin, l'Amẹ́ríkà.

Àpótí tó ní ihò nínú ni gìtá ìgbà èwe rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ta okùn, àpótí á bá a gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn ló ń gbé ohùn jáde, òun náà ló sì ń fa agbára okùn tán, kíá lohùn á kú. Tẹ́ ẹ bá wá so ó mọ́ iná, ohùn tó ń ti inú spíkà bọ̀ á tún máa mi àpótí náà, ni yóò bá máa han goorogo.

Ohun tí kò ní í gbọ̀n wá ńkọ́? Les na okùn gìtá sórí irin rélùwéè, ó ki etí tẹlifóònù sábẹ́ ẹ̀. Ohùn dún, ó ń dún lọ ṣáá. Ó sáré lọ bá ìyá ẹ̀. Ìyá ní ọjọ́ wo ló máa rí ẹni tó gun ẹṣin tó ń ta irin rélùwéè? Òótọ́ ọ̀rọ̀ kúkú ni.

Ló bá forí lé igi. Ní nǹkan bí 1941, ó ń lo ilé iṣẹ́ Epiphone tó ń ṣe gìtá ní New York lópin ọ̀sẹ̀. Gẹdú kan báyìí ló so okùn mọ́, ó pè é ní "The Log", ìtì igi. Àwọn èèyàn ò kà á sí. Ó bá la gìtá gidi sí méjì, ó lẹ ọ̀kan sọ́tùn-ún, ìkejì sósì. Ìtì igi náà ṣì ni o, àmọ́ wọ́n wá pàtẹ́wọ́! Ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ orin. Gibson, ilé iṣẹ́ gìtá míì, náà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí Fender tí wọ́n jọ ń ṣe gìtá fi gbé irú ẹ̀ dé ọjà. 1952 ni gìtá Gibson tó ń jẹ́ Les Paul jáde.

Ní tèmi o, iṣẹ́ tépù ẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Bing Crosby, gbajúmọ̀ olórin, ló fún un ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, Les sì fi orí kan tó ń ka tépù kún un, kí ó lè máa ta gìtá tuntun lé èyí tó ti gbà sílẹ̀. Àmọ́ bí àdàpọ̀ tuntun ṣe ń wọlé ni ti àtijọ́ ń pa rẹ́. Tó bá ta okùn kan gbòdì níbi ìpele kẹjọ, ìpele kìn-ín-ní ló ń padà sí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni òun àti Mary Ford ìyàwó ẹ̀ ṣe "How High the Moon", tó fi ọ̀sẹ̀ 9 wà nípò kìn-ín-ní l'Amẹ́ríkà ní 1951. Ohùn Mary nìkan ni, ẹ ó sì rò pé ẹgbẹ́ akọrin ni.

Nígbà tí oríkèé ríro mú ọwọ́ ẹ̀, ìka díẹ̀ ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ó ń ta gìtá ní New York lálaalẹ́ Mọ́ńdè, ó sì ti lé ní 90 ọdún. Nígbà tó kú, wọ́n gbé e padà sí Waukesha, wọ́n sin ín nítòsí ìyá ẹ̀.