Nígbà Tí Lọ́ńṣì Bá Tán, Ta Ni Yóò Máa Ṣí Ilé Ìkàwé?

Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kú ìjókòó. Bí ará ìlú ṣe lè fi owó àti agbára wọn gbé ilé ìkàwé ìjọba ró ni ẹ ní kí n wá sọ. Ilé ìkàwé kì í sábà kú nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìṣílé ló máa ń kú, nígbà tí kò bá sí owó epo díísù fún jẹnẹrétọ̀ mọ́, tí òrùlé ń jò, tí ìwé ìròyìn orí tábìlì sì ti pé oṣù mẹ́fà.

Andrew Carnegie mọ èyí dáadáa. Scotland ni wọ́n bí i sí, Amẹ́ríkà ló ti fi iṣẹ́ irin di olówó, ó sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ìkàwé tó lé ní 2,500 káàkiri ayé. Dunfermline tí wọ́n bí i sí gan-an ni àkọ́kọ́ wà. Ọdún 1883 ni wọ́n ṣí i. Bí ìlú kan ní Amẹ́ríkà bá kọ̀wé sí i, yóò ní kí wọ́n mú ilẹ̀ wá, kí ìjọba ìlú náà sì ṣe àdéhùn pé àwọn yóò máa ná ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí òun fún wọn sórí ilé náà lọ́dọọdún. Tó bá fún wọn ní 10,000 dọ́là, àwọn náà yóò máa yọ 1,000 dọ́là sílẹ̀ lọ́dọọdún. Owó ilé ni tirẹ̀. Ìwé àti owó oṣù òṣìṣẹ́, tìlú ni. Àwọn ìlú kan tilẹ̀ kọ owó rẹ̀ nítorí àdéhùn yìí. Lójú tèmi, àdéhùn yẹn wúlò ju owó náà lọ.

Àwa náà mọ owó í dá. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà sì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ a máa gba owó lọ́wọ́ òbí. Ilé ìkàwé ìjọba kò gbọdọ̀ lé ọmọ tálákà padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí owó. Bí lọ́ńṣì, ìyẹn ayẹyẹ ìkówójọ, bá ti tán, tí àwọn kan ṣèlérí tí wọn kò sì mú un ṣẹ, níbo ni owó mìíràn yóò ti wọlé?

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa wá ọ̀pọ̀ èèyàn tí yóò máa dá díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Bí igba èèyàn bá ń san ₦1,000 lóṣù, ₦2,400,000 ni lọ́dún. Ọmọ ìlú tó wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston lè wà nínú wọn, kí ìyá aláta náà sì wà níbẹ̀. Kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde ní báńkì, kí ẹ sì lẹ àkọsílẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri ilé ìkàwé, níbi tí ọmọdé tó mọ̀ ọ́n kà yóò ti rí i.

Ọ̀rọ̀ ìwé ọ̀fẹ́ ńkọ́? Ẹ má gba gbogbo ohun tí wọ́n bá fún yín. Páálí ìwé àtijọ́ láti òkè òkun lè gba owó ọkọ̀ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i. Ẹ kọ orúkọ ìwé tí ẹ nílò sílẹ̀: ti WAEC, ti JAMB, ìwé ìtàn Yorùbá fún àwọn ọmọdé. Èyí ni kí ẹ fún olùrànlọ́wọ́.

Ní ti ìyọ̀ǹda ara ẹni, ẹ gbọ́ ti ilé ìkàwé Kensal Rise ní Lọ́ńdọ̀n. Mark Twain, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló ṣí ilé ìkàwé náà ní 1900. Ní 2011, káńsù Brent, ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò náà, tì í pa láti dín ìnáwó kù. Àwọn ará àdúgbò kò gbà. Wọ́n pàtẹ ìwé síta níwájú ilé náà, wọ́n ń jà, wọ́n ń kówó jọ, títí ilẹ̀kùn fi tún ṣí ní 2019. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń darí rẹ̀ báyìí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Síbẹ̀ ó dùn mí pé iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó fún tẹ́lẹ̀ ti di ẹrù ará àdúgbò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kà yín lórí. Níbí, abẹ́ àjọ ilé ìkàwé ìpínlẹ̀ ni irú ilé yìí wà. Kí ẹ tó gbé ìgbálẹ̀, ẹ bá wọn jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ìjọba.

Iṣẹ́ tó kù fún wa pọ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lè máa ka ìwé fún àwọn ọmọ ní Sátidé. Àgùnbánirọ̀ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Ó lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ káfíńtà lè tún pẹpẹ ìwé ṣe. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú àgbà kan ṣoṣo, ẹni yòówù kó jẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín: "Mà á wá nígbà tó bá rọ̀ mí lọ́rùn" kò lè ṣí ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin tí àwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ lè yọ̀ǹda síbẹ̀ kí ẹ tó kọ iye owó.