Kí Iná Má Kú Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ẹ kú òwúrọ̀, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa sáyé.

Ẹ bá mi ṣí Léfítíkù 6:12 àti 13. Ọlọ́run ní iná orí pẹpẹ kò gbọdọ̀ kú. Láràárọ̀ ni àlùfáà gbọ́dọ̀ máa ko igi sí i.

Bí a bá ń pìtàn ìjọ Onítẹ̀bọmi nílẹ̀ Yorùbá, Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nárì ọmọ Amẹ́ríkà tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ gbéra nílé. Goodale kú sí Làìbéríà, Hill kò bá a dé ibí. Bowen nìkan ló dé, ó jókòó kọ́ èdè wa, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1855, Joseph Harden, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó gba Làìbéríà wá, bẹ̀rẹ̀ ìjọ l'Ékòó, èyí tí a mọ̀ sí First Baptist Church lónìí.

Ẹni tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn náà ni Sarah, ìyàwó Harden. Ogun ti run Ìjàyè ní 1862. Ikú mú ọkọ rẹ̀ lọ ní 1864. Ní 1867, Ìfọ́lé, ìyẹn rògbòdìyàn tí wọ́n fi ba àwọn ilé ìjọsìn jẹ́, lé àwọn onígbàgbọ́ kúrò l'Ábẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ wọn sì sá wá s'Ékòó. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti sọ ìjọ tó rán àwọn míṣọ́nárì wá di aláìní. Nígbà tó máa fi di 1869, àwọn míṣọ́nárì ti padà sílé wọn. Ó ku opó yìí àti agbo tí kò lólùṣọ́. Kò kó ẹrù rẹ̀. Òun ló di àwọn èèyàn náà mú títí míṣọ́nárì W. J. David fi dé ní 1875.

Ìlà kan tàbí méjì làwọn òpìtàn sábà máa ń fún un. Ó dùn mí.

Ìwọ tí o ń kà á láàárọ̀ yìí ńkọ́? Bóyá wọ́n ti gbé pásítọ̀ yín lọ, tí wọn kò tíì rán ẹlòmíì wá. Bóyá ìwọ ni ò ń ṣílẹ̀kùn ìjọ lọ́jọ́ ìpàdé àdúrà, tí o nu bẹ́ǹṣì, tí o lu agogo, tí èèyàn mẹ́rin péré sì wọlé. Má ti ilẹ̀kùn náà. Ko igi sí iná.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ fún àwọn tó tẹ ìjọ wa dó, àti fún àwọn tó dúró tì í nígbà tí ojú ń pọ́n wọn, tí orúkọ wọn kò sí lára ògiri.

Olúwa, wo gbogbo ìjọ tó wà láìsí olùṣọ́àgùntàn. Rán ẹni tí ọkàn rẹ fẹ́ sí wọn.

Opó tó ń gbé iṣẹ́ rẹ ró níkọ̀kọ̀, gbọ́ bùkátà rẹ̀ lónìí. Má jẹ̀ẹ́ kó tọrọ jẹ.

Má jẹ̀ẹ́ kí iná tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.