Ìbuwọ́lù Lórí Ìwé Kò Tíì Di Ààbò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Òfin àti Ààbò Lẹ́nu Iṣẹ́ Ilé Ìwòsàn

Ẹ̀yin alákòóso ilé ìwòsàn, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀yin tí ẹ ń gbálẹ̀, tí ẹ ń fọ aṣọ, tí ẹ sì ń ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́ láti wọ́ọ̀dù kan dé òmíràn, mo kí gbogbo yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ dá lórí bí a ṣe ń kọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn láti máa tẹ̀lé òfin àti ìlànà ààbò. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ ohun kan wò dáadáa, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé ìwòsàn tí ìwé rẹ̀ pé àti ilé ìwòsàn tí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti mọ ohun tó yẹ láti ṣe. Àwọn méjèèjì lè jọ ara wọn lójú alábẹ̀wò tó wá fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n aláìsàn tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mọ èyí tí òun wà.

Ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìlànà kan jáde fún yàrá iṣẹ́ abẹ. Ohun 19 ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ní kí gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá náà dá ọwọ́ dúró lẹ́ẹ̀mẹta: kí wọ́n tó fún aláìsàn ní oògùn tí yóò mú un sùn, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án lára, àti kí wọ́n tó gbé e jáde. Ní àwọn ìdádúró yìí, wọn yóò sọ ọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́: ta ni aláìsàn yìí, apá ibo ni a fẹ́ ṣiṣẹ́ lé, oògùn wo ni ara rẹ̀ kò gbà, ṣé òwú àti abẹ́rẹ́ tí a lò pé iye tí a kà wọlé? Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, láti Toronto àti London títí dé New Delhi àti Ifakara ní orílẹ̀-èdè Tanzania. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2009 fi hàn pé iye àwọn tó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wá sílẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú 100.

Ìròyìn náà tàn káàkiri. Ní ọdún 2010, ìjọba ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìwòsàn máa kéde fún gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń lo ìwé náà tó. Àwọn onímọ̀ yẹ ilé ìwòsàn 101 wò níbẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní ọdún 2014. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ìwòsàn náà ló kọ ọ́ pé àwọn ń tẹ̀lé ìlànà yìí ní ìgbà 92 sí 100 nínú 100. Ikú ńkọ́? Ó kúrò ní 0.71 nínú 100, ó bọ́ sí 0.65, ìyàtọ̀ tó kéré débi pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìwé náà ló fà á. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi wo àyípadà náà kò tó, àwọn mìíràn sì ní àṣẹ ni wọ́n fi sọ̀kò ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ wọn bó ṣe yẹ. Èmi wà lẹ́yìn àwọn ìkejì yìí. Ẹni tó bá ti dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fa ìlà sí gbogbo àpótí inú fọ́ọ̀mù náà kí aláìsàn tó dé rárá. Iṣẹ́ ojú ayé nìyẹn, kò sì sí òfin tó lè fi ìwé nìkan mú un.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan yìí ti hàn jù. Bí abẹ́rẹ́ tí a ti lò fún ẹni tó ní kòkòrò HIV bá gún òṣìṣẹ́, ewu pé yóò kó kòkòrò náà jẹ́ nǹkan bí 0.3 nínú 100, ìyẹn ẹnì kan nínú bí ẹni 300. Ewu àrùn ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní hepatitis B ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: láàárín 6 sí 30 nínú 100 ni fún ẹni tí kò gba àjẹsára, bí kòkòrò náà bá ṣe pọ̀ tó lára aláìsàn. Síbẹ̀, HIV ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òṣìṣẹ́. Hepatitis B, tó ní àjẹsára tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n gba ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n sì gbàgbé ìkẹta tó yẹ kí ó wáyé ní oṣù kẹfà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù pé, "Ìkẹta tìrẹ ńkọ́?" kò tíì ṣe ohun tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Gbogbo nọ́ọ̀sì ló mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn dá ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tó ti lò. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2010 tilẹ̀ kà á léèwọ̀. Bí a bá fi ṣe ìbéèrè nínú ìdánwò, kò sẹ́ni tí yóò gbà á lódì. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń ṣe é? Ìdí ni pé àpótí tí à ń sọ abẹ́rẹ́ sí wà ní ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù, tàbí ó ti kún kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún nọ́ọ̀sì, aláìsàn tó ń gbé ara rẹ̀ sókè sódò sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́ta kò lè ṣe ohun tí gbígbé àpótí sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yóò ṣe. Mo gbóríyìn fún òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2000 lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ní kí agbanisíṣẹ́ béèrè èrò àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan aláìsàn, àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá, nígbà tí ó bá ń yan irú abẹ́rẹ́ tí kò ní tètè gún ènìyàn. Ẹni tí bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á.

Ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ṣe lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá gún un kò le. Kí ó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kí ó má ṣe fún ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, kí ó má ṣe da kẹ́míkà sí i, kí ó sì sọ fún ẹni tó yẹ lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń dènà HIV lẹ́yìn irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ni ó ṣe dára tó. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró síbẹ̀ yẹn. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù ni wọn kì í dáhùn: ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ibi tí oògùn náà wà ní aago méjì òru, kí sì ni nọ́ńbà tí a ó pè? Bí olùkọ́ kò bá lè dáhùn èyí fún ilé ìwòsàn tó wà nínú rẹ̀ gan-an, àwòrán rèǹtèrente tó ń hàn lójú ògiri kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àjọ OSHA, tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé òfin rẹ̀ lórí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ jáde ní ọdún 1991, ó fi àwọn nǹkan kan síbẹ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé ìwòsàn yá lò, níbi yòówù kí wọ́n wà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wáyé nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Nínú àkókò iṣẹ́ ni, òṣìṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi àjẹsára hepatitis B lọ òṣìṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀. Àyè gbọ́dọ̀ wà fún un láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ. Pabanbarì rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ wà ní èdè tí òṣìṣẹ́ gbọ́, ní ìwọ̀n ìwé tí ó kà.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí àwọn agbálẹ̀ àti àwọn alágbàfọ̀. Àwọn kọ́ ló ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ni abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn sọ sínú àpò ìdọ̀tí tàbí tí ó gbàgbé sáàárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń gún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 85 nínú 100 ìdọ̀tí ilé ìwòsàn ni kò léwu ju ìdọ̀tí inú ilé lọ. Ìdá 15 tó kù ló léwu, bí wọ́n bá sì da èyí pọ̀ mọ́ tọ̀hún, gbogbo rẹ̀ ti di eléwu nìyẹn, ẹni tó ń gbé e kò sì mọ̀. Lọ́pọ̀ ibi, iléeṣẹ́ mìíràn ló gba àwọn òṣìṣẹ́ yìí, nítorí náà orúkọ wọn kì í sí nínú ìwé àwọn tí ilé ìwòsàn ń kọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì pè wọ́n, wọn a fún wọn ní ìwé tí wọ́n kọ ní èdè dókítà, wọn a ní kí wọ́n buwọ́ lù ú. Kí olùkọ́ gbé ọ̀rá aláwọ̀ oríṣiríṣi, tí à ń kó irú ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan sí, síwájú wọn, kí ó ní kí wọ́n pín ìdọ̀tí tí kò ní kòkòrò sí i lójú rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju ìwé náà lọ.

Bákan náà ni ti aṣọ ààbò. Nígbà àjàkálẹ̀ Ebola ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2015 pé ewu kíkó àrùn náà fún òṣìṣẹ́ ìlera jẹ́ ìlọ́po 21 sí 32 ti àwọn àgbàlagbà yòókù, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe. Ìdí rẹ̀ pọ̀, àìsí ohun èlò sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ohun èlò bá tilẹ̀ wà, ìgbà tí ènìyàn bá ń bọ́ aṣọ náà kúrò lára ni ewu pọ̀ jù, nítorí ara ti rẹ̀ ẹ́, ooru ti mú un, ó sì ń kánjú. Ọ̀nà kan wà tí àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ ń gbà: wọn a fi ìpara kan tí ojú kò rí kun ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ààbò, wọn a ní kí òṣìṣẹ́ bọ́ ọ, wọn a wá tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i lára. Gbogbo ibi tí ìpara náà ti kàn án ní ọrùn, ní ìrun, ní ọwọ́, yóò máa tàn yòò. Mi ò tíì rí ẹni tó rí ara rẹ̀ báyìí tí ó tún fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú bíbọ́ ìbọ̀wọ́.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn tó ń fún aláìsàn ní ìtọ́jú gan-an nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún. Ní ọdún 2001, ní ìpínlẹ̀ New York, ẹnì kan gbé sílíńdà ọ́síjìn onírin wọ yàrá ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́fà kan wà nínú ẹ̀rọ náà. Agbára òòfà ẹ̀rọ yìí kì í sinmi, kódà nígbà tí wọn kò bá ya àwòrán kankan. Ó fa sílíńdà náà, ó gbá ọmọ náà lórí, ọmọ náà sì kú. Èrò láti ran ọmọ náà lọ́wọ́ ni wọ́n fi gbé ọ́síjìn wá. Nítorí náà, agbálẹ̀, ẹ̀ṣọ́, apaná àti ẹni tó ń gbé sílíńdà gbọ́dọ̀ mọ ìlẹ̀kùn tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá, kí wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tó mọ ìdí kò ní gbàgbé nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú.

Lórí ọ̀rọ̀ iná, n kò ní pẹ́. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kò lè sáré. Kíkó wọn kọjá ìlẹ̀kùn tí iná kò tètè ràn, sí wọ́ọ̀dù tó wà lórí ilẹ̀ kan náà, ni à ń kọ́kọ́ ṣe kí a tó ronú àtẹ̀gùn. Ìlẹ̀kùn yẹn náà ni wọ́n máa ń fi àga há kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹni tó ní àṣẹ láti ti ọ́síjìn wọ́ọ̀dù pa nígbà iná gbọ́dọ̀ ní orúkọ, lọ́sàn-án àti lóru, nítorí bí ó bá tì í pa láìròtẹ́lẹ̀, aláìsàn tó gbára lé e lè kú.

Ó ku ibi tó le jù, ìyẹn kíkọ ìjàm̀bá sílẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ìwé ìjàm̀bá rẹ̀ mọ́ fónífóní ń kọ mí lóminú ju èyí tí tirẹ̀ kún lọ. Abẹ́rẹ́ ń gún ènìyàn níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń lo abẹ́rẹ́. Bí kò bá sí nínú ìwé, a jẹ́ pé àwọn tó gún ń fi pamọ́ nìyẹn. Wọ́n ń fi pamọ́ nítorí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá bá bi wọ́n ni, "Kí ló dé tí o kò fi ojú sílẹ̀?" Kì í ṣe pé kí a má bá oníwà àìbìkítà wí, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ mu ọtí wá sẹ́nu iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó rẹ̀ ní òru tí àwọn méjì ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́rin. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀gá gbọ́dọ̀ dá lórí bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀: níbo ni àpótí wà, ta ni ẹ jọ wà níbẹ̀, wákàtí mélòó lo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, irú abẹ́rẹ́ wo ni? Kí wọ́n tún máa kọ ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oògùn tí wọ́n ti fà sínú abẹ́rẹ́ kí ẹnì kan tó rí i pé ti bẹ́ẹ̀dì kejì ni.

Lẹ́yìn náà, kí èsì padà sí wọ́ọ̀dù tí ìròyìn ti wá, pẹ̀lú ohun tí a yí padà, ì báà ṣe àpótí kan ṣoṣo tí a sún. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ ìwé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, tí kò gbọ́ nǹkan kan, kò ní kọ ẹ̀kẹta. Ìtàn irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ni ó yẹ kí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó tẹ̀lé e ní wọ́ọ̀dù náà, dípò àwòrán tí ó ti ń fi hàn láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.