Ẹni Tó Ń Ṣàtúnṣe Kì Í Tòògbé

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. A kú ewu òru.

Ọ̀sẹ̀ yìí kò dẹrùn fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Arábìnrin wa kan tó ń ta èlùbọ́ ní Takie ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. Nígbà tí mo lọ kí i, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní: "Mọ́mì, ṣé Ọlọ́run ṣì ń rí inú ara mi yìí?"

Sáàmù 121:4 ni mo fi dá a lóhùn: ẹni tí ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé, bẹ́ẹ̀ ni kì í sùn.

Ó ń rí i, ará. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní DNA. Ibẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá kọ ìlànà ara wa sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lóòjọ́ ni okùn yìí ń bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Oòrùn ń bà á jẹ́, èéfín sìgá ń bà á jẹ́, omi inú ara pàápàá ń bà á jẹ́. Ìbàjẹ́ tí a kò bá tún ṣe ni jẹjẹrẹ fi ń ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n bí ahunṣọ òfì tó mọṣẹ́ ṣe ń fọwọ́ wá òwú tó ti já, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké kan ń wá inú okùn náà. Wọ́n á kan ibi tó bàjẹ́, wọ́n á gé e lápá ìhín, wọ́n á gé e lápá ọ̀hún, wọ́n á yọ àbùkù sọnù, wọ́n á hun tuntun dípò rẹ̀, wọ́n á sì so ó pọ̀. Gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìwọ ń hanrun!

Aziz Sancar, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì, wà lára àwọn tó tú àṣírí yìí. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò kàwé. Nígbà tó gboyè dókítà ìmọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1977, ibi mẹ́ta tó ti wáṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n ti kọ̀ ọ́. Ó gba iṣẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú yàrá ìwádìí ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti dojú kọ iṣẹ́ àtúnṣe yìí. Ní 2015, òun, Tomas Lindahl àti Paul Modrich jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹni tó bá ní kí arábìnrin wa fi oògùn sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́, kò ràn án lọ́wọ́. Ọlọ́run kan náà ló ni ọgbọ́n dókítà. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, a dúpẹ́ fún àtúnṣe tí O ṣe lára wa lóru àná, tí a kò mọ̀, tí a kò tilẹ̀ bẹ̀ Ọ́ fún.

Olúwa, wá inú ọmú arábìnrin wa, wá inú egungun rẹ̀, wá inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tí jẹjẹrẹ bá sá pamọ́ sí, tú u síta! Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára, kó pa àrùn, kó má pa á. Irun tó re, kó hù padà. Oúnjẹ tó ń kọ̀, kó tún máa wù ú jẹ. Owó ìtọ́jú, Jèhófà Jírè, pèsè rẹ̀!

Ẹni tí kókó wà lára rẹ̀ tó ń fi ìbẹ̀rù bò ó mọ́lẹ̀, fún un lágbára láti lọ sọ́síbítù lónìí, kó tó pẹ́ jù.

Àwọn àfín wa tí oòrùn ń jẹ awọ ara wọn, Olúwa, bò wọ́n.

Àwọn ọmọ wa ní LAUTECH àti Bowen, tí iná mànàmáná ń dá iṣẹ́ ìwádìí wọn dúró, má jẹ́ kí ó sú wọn. Ibi tí wọ́n bá ti kọ̀ wọ́n, ṣílẹ̀kùn tó jù ú lọ. Kí ìwòsàn tí ayé ń wá ti ọwọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ jáde!

Jẹjẹrẹ, gbọ́ ohùn Olúwa! O kò ní gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ, o kò ní gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Jáde nínú ọmú, jáde nínú ilé ọmọ, jáde nínú ẹ̀jẹ̀, jáde ní agboolé wa! Jáde! Jáde! Jáde ní orúkọ Jésù!

Àmín. Àmín. Àṣẹ.